Orúkọ Tí Safourath Kò Lè Pè

Nígbà tí òdòdó kajú bá ń tú ní Bantè, òórùn rẹ̀ máa ń tẹ̀lé ènìyàn wọ inú oorun. Kì í ṣe òórùn tó le. Ó dà bí oyin tí ẹnì kan gbé kọjá lójúde, tí kò sì dúró kí wọn bu wò. Safourath sọ fún mi pé inú òórùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Títí di òní, bí ó bá gbọ́ òórùn náà, ẹnu rẹ̀ á wúwo, bí ẹnu ẹni tí a jí lójijì tí a ní kó sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò sì ní yára.

Abúlé Koko ni wọ́n bí i sí, láàárín oko iṣu. Sanoussi, bàbá rẹ̀, rán an lọ sílé ìwé nítorí pé ọmọ náà kò ní agbára ebè kíkọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń dákẹ́, ó sì máa ń lálàá ní ojúmọmọ. Bí wọ́n bá rán an lọ pọnmi, wọ́n á tún rán ẹlòmíràn lọ wá a, wọ́n á sì bá a níbi tó ti dúró, tó ń wo omi bí ẹni ń retí àlejò. Kó tó ṣe báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, Wassiou, tí ń tún alùpùpù ṣe ní Bantè, ti fẹ́ ẹ. Nílé ọkọ ló ti ṣe ìdánwò náà, pẹ̀lú oyún nínú. Ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì yege.

Ọmọ rẹ̀ kejì ti ń rìn nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Savalou, fún lísáńsì, ìyẹn oyè àkọ́kọ́, nínú ìṣàkóso òṣìṣẹ́. Àwọn ará ilé bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gba ènìyàn síṣẹ́, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ fún un, bí a ṣe ń parí ìjà òun àti ẹnìkejì rẹ̀, bí a ṣe ń jẹ́ kó sinmi, àti bí a ṣe lè ní kó máa lọ láìfi ojú rẹ̀ gbolẹ̀.

Ìyá Wassiou, tí ń gbọ́ wọn láti ìdí ààrò, ní, "Ṣé wọ́n ń lọ kọ́ ìyẹn ni? Èmi rò pé ìyàwó ilé lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí nílé ọkọ. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ tí ń rá, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ fi orúkọ pè é. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tí yóò fi bọ̀wọ̀ fún un, tí yóò sì fi bá a ṣeré. Àwọn ìyàwó òde òní ti ń jáwọ́ nínú rẹ̀, pàápàá àwọn tó lọ gbé Kùtọnu. Ní ilé Wassiou, wọn kò tíì jáwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú Safourath dé ilé yẹn. Wọ́n bomi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sunkún lábẹ́ ìbòrí bó ti yẹ kí ìyàwó sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún tirẹ̀ ti kọjá ẹkún àṣà. Ó rò pé òun ti kú sí ìlú onílùú. Nígbà náà ni ọmọdébìnrin kan gbé etí ìbòrí náà sókè láti ìsàlẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín ọmọ náà funfun, ó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ.

"Ìyàwó wa ń sunkún," ni ọmọ náà wí fún gbogbo ilé. "Imú rẹ̀ sì rí roboto."

Safourath rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe ọmọ náà ní Eyínfúnjowó. Àbúrò Wassiou ni. Ganiath ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, orúkọ náà kò jáde rí lẹ́nu Safourath.

Ọdún ń gorí ọdún. Eyínfúnjowó dàgbà, ó di òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kajú kan ní ìgbèríko Bantè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ́ kajú, tí wọ́n ń mú un gbẹ, tí wọ́n sì ń bó o. Yàrá àwọn tí ń bó awọ tínrín ló wà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Wọ́n ń jókòó sí i, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Kì í ṣe bí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́ èèpo líle, níbi tí epo inú èèpo náà ti ń jó ọwọ́ títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa ṣí bí awọ ejò.

Nígbà tó ku kí Safourath ṣe sítáàjì, ìyẹn oṣù díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ gidi kó tó lọ gbèjà ìwé àṣejáde rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, kò rí ibi tí yóò ti ṣe é. Eyínfúnjowó ló mú un lọ bá ọ̀gá tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ìyàwó wa rèé," ló wí. "Ó mọ ìwé ju bó ṣe dákẹ́ tó yìí lọ."

Inú gbogbo wọn dùn. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tó yẹ kí wọ́n rántí.

Hyacinthe ni ọ̀gá náà ń jẹ́. Ọmọ Mahi ni, láti Savalou, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí kò fẹ́ ni kí wọ́n tan òun. Kó tó di ìgbà yẹn, bí òṣìṣẹ́ kan bá lọ sọ́jà, ẹlòmíràn á dáhùn fún un pé òun wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fi Safourath sẹ́nu ọ̀nà ní àràárọ̀ láti máa pe orúkọ, kí ó máa wo ojú olúkúlùkù bó bá ti ń dáhùn. Ó tún ní kí ó kọ òfin iṣẹ́ sára pátákó, kí ó sì fi kọ́ ara ògiri. Safourath kọ ọ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, láìkánjú. Ọ̀kan nínú òfin náà ni pé ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ láìsọ yóò lọ sí ìdí ẹ̀rọ títí iṣẹ́ ọdún náà yóò fi parí.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀. Ó pe Josiane, Josiane dáhùn. Ó wo orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ó ya ẹnu, ẹ̀fúùfù lásán ló jáde. Àwọn obìnrin ń wò ó.

"Eyínfúnjowó," ló wí níkẹyìn.

"Èmi rèé, ìyàwó wa," ni Ganiath dáhùn. "Ṣé o ti mu ẹ̀kọ kó o tó jáde? Ohùn rẹ tín-ín-rín."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Hyacinthe kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Eyínfúnjowó? Mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́."

"Òun nìyẹn, Ọ̀gá. Orúkọ tí mo ń pè é nílé ọkọ mi ni."

"Ilé ọkọ rẹ wà ní òdìkejì ìlú. Ibi iṣẹ́ nìyí." Ó tẹ ìka mọ́ ìwé orúkọ náà. "Olùkọ́ rẹ ń bọ̀ láti Savalou láti wá wo bí o ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ tó bá dé, orúkọ tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ olúkúlùkù ni mo fẹ́ gbọ́. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí sítáàjì rẹ."

Láìsí ìwé ẹ̀rí yẹn, kò sí ìgbèjà, kò sì sí lísáńsì. Gbogbo àárọ̀ tó fi gun alùpùpù lọ sí Savalou nínú òtútù, àti gbogbo ọ̀sán tí ọmọ rẹ̀ fi sun oorun lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, yóò di òfo nítorí orúkọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ nílé. Ó rò pé wọn yóò bínú. Ìyá Wassiou nu epo kúrò lọ́wọ́, ó ronú.

"Pè é," ni ìyá náà wí. "Mo fún ọ láyè. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àfojúdi."

"Ìyá, ẹ ṣé."

"Pè mí báyìí," ni Ganiath wí. "Ṣé orúkọ mi ń jóni lẹ́nu ni? Jẹ́ ká kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé. Ga."

"Ga," ni Safourath wí.

"Ni."

"Ni."

"Yà."

"Yà."

"Ó parí. Dà wọ́n pọ̀."

Safourath wo eyín tó wà níwájú rẹ̀. Ètè rẹ̀ pa dé. Ó gbìyànjú títí omi fi yọ lójú rẹ̀, Ganiath sì ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó sílẹ̀. Ohun tó ya Safourath lẹ́nu nìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi: pé kò sí ẹni tó dí i lọ́nà mọ́. Àwọn tó ni àṣà ti tú u sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tí kò gbà.

Ó ń fi orúkọ náà kọ́ ẹnu rẹ̀ lójú ọ̀nà Savalou, lọ́jọ́ tó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Hakim ni orúkọ ọlọ́kọ̀ alùpùpù tó máa ń gbé e. Safourath máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe oorun gidi, oorun tí ojú ń ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òkè Savalou á yọ láti inú ọyẹ́, wọn á sì tún wọlé padà, bí ẹranko ńlá tí ń fi orí yọ wo ẹni tí ń kọjá. Nínú oorun yẹn, ó dúró lábẹ́ igi kajú, ó ń pe orúkọ, àwọn igi ló sì ń dáhùn. Orúkọ tó bá ti pè á di òdòdó, á já bọ́ sí i léjìká. Bó bá dé orí ọ̀kan báyìí, afẹ́fẹ́ á dá. Igi náà á dúró, á máa retí.

"Màdámù," ni Hakim wí lọ́jọ́ kan, "ta lẹ ń pè?"

"Kò sí ẹnì kan."

"Ẹni tí kò sí yìí, ó ti ń dún létí mi láti ìgbà tá a ti kúrò ní Bantè. Ga, Ga, Ga. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló fẹ́ bàjẹ́."

Ọjọ́ náà pé. Ọyẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá jìnnà díẹ̀ kò ní ojú mọ́, ìrísí nìkan ló ní. Màdámù Judith, olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́, fi ìborùn bo imú, ó dúró ti Ọ̀gá Hyacinthe. Àwọn obìnrin tò sẹ́nu ọ̀nà, eruku funfun lórí gèlè wọn.

Safourath bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bíi pé inú akèrègbè ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó pe Josiane, Josiane dáhùn. Ó gbé ojú sókè láti wo ẹni tó kàn.

Láàárín Josiane àti Abigaïl, àlàfo kan wà, bí àlàfo eyín.

Josiane kò wo ojú rẹ̀. "Ó wà nílé," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ó ní kí o fo òun."

Ó yé e. Ganiath ti pa iṣẹ́ jẹ kí orúkọ òun má baà dí i lọ́nà. Ọ̀gá Hyacinthe sì ń fọwọ́ ṣàpèjúwe yàrá tí wọ́n ti ń mú kajú gbẹ fún Màdámù Judith lọ́wọ́, etí kan ló fi ń gbọ́ ìpè náà. Bí Safourath bá bọ́ sórí Abigaïl, ìpè náà yóò parí láìsí àbùkù, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì kọjá bí àlá. Àwọn obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ tì í síwájú.

Ó sọ fún mi pé ohun tó wá sí òun lọ́kàn nígbà náà kéré. Ọbẹ̀ ni. Láti ìgbà tó ti ń bu ọbẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sí ọjọ́ kan tó bu ti gbogbo ènìyàn tó fo ti Eyínfúnjowó.

"Ẹnì kan kò wá," ló wí.

Ọ̀gá Hyacinthe yíjú. "Ta ni?"

"Eyínfúnjowó ni, Ọ̀gá. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Nítorí mi ni kò ṣe wá. Ó fẹ́ kí n rí àyè fo òun. N kò lè pè é. N kò sì lè fò ó."

Ọyẹ́ ń kọjá láàárín wọn. Josiane bo ẹnu rẹ̀.

"Ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ọ?" ni Ọ̀gá Hyacinthe bi í.

"Mo rántí."

"Màdámù, ẹ gbọ́ bí?"

Màdámù Judith fa ìborùn kúrò nímú. "Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó parí ìpè rẹ̀."

Ó pè é parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá Hyacinthe pè é sínú ọ́fíìsì.

"Èmi náà ní àbúrò," ló wí. "Ìyàwó mi kò mọ orúkọ rẹ̀. Tàbí ó mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀. Ọkọ Kékeré ló ń pè é." Ó mú bíìrò. "Mi ò ní dí ọ lọ́nà, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ sínú ìwé."

Ó kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe gbogbo iṣẹ́ tí a gbé fún un dáadáa. Ó fi ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kì í pe gbogbo òṣìṣẹ́ lórúkọ. Ó fọwọ́ sí i.

"Ẹni tí kò wá náà ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ìdí ẹ̀rọ."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́. Nítorí mi ni."

"Òfin ni, Safourath. Ìwọ lo kọ ọ́ sára pátákó. Ó sì dára lójú."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Kò yí i padà.

Nígbà tó délé, Ganiath ti gbọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ń kí wọn pé ó dìgbóṣe.

"Ìyàwó, mo ní kí o fò mí."

"Wọ́n jíṣẹ́ fún mi."

"Kí ló wá dé tí o ò fò mí?"

"Ẹ̀yin ni n ó fò?"

Ganiath na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Wọ́n máa dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló máa fẹ́ mi ní Bantè yìí?"

"Eyín yín ṣì funfun."

"Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n máa wo eyín nìkan."

"Ẹ wá jẹun," ni Ìyá Wassiou wí. "Ọ̀rọ̀ ọwọ́, ọ̀rọ̀ eyín, ikùn ló ń gbé wọn kiri."

Òdòdó kajú rọ, èso gbó, òjò bẹ̀rẹ̀. Eérú àti òróró ni Ganiath fi ń pa ọwọ́ ní àràárọ̀, ọwọ́ náà sì dúdú síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Safourath ni yóò bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, yóò sì fi kànìnkànìn rírọ̀ bá a ra ọwọ́ náà. Wọn kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Safourath ń kọ ìwé rẹ̀ lọ, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, òórùn eérú sì wà ní ìka rẹ̀.

Ọjọ́ tí yóò gbèjà ìwé náà ní Savalou, Ganiath ló bá a lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó fi ọwọ́ pa mọ́ sábẹ́ ìró. Nínú yàrá, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tó jókòó láti dá Safourath lẹ́jọ́ ka ìwé ẹ̀rí sítáàjì náà dé ìsàlẹ̀, ó sì dúró.

"Kí ni ìtumọ̀ ìlà yìí?"

Safourath ṣàlàyé rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nígbà tó parí, olùkọ́ náà ní, "Nítorí náà, àṣà ló jẹ̀bi?"

"Rárá, Mùsíọ̀. Èmi ni. Nígbà tí ọkọ mi kékeré mú mi wọ ibẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ yẹn pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi kò tó. Kí wọ́n tó fi mí ṣe olórí ènìyàn, kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí n kò lè ṣe olórí rẹ̀. N kò sọ ọ́, ẹlòmíràn ló sì san án."

Olùkọ́ náà kọ nǹkan sílẹ̀. Kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò kékeré ń rọ̀. Àwọn òkè Savalou tutù, wọ́n súnmọ́ ilé, èéfín sì ń ti ara wọn yọ. Safourath jókòó ti Ganiath. Oorun ojú-ṣíṣí yẹn tún fẹ́ gbé e. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan yọjú, ó ka orúkọ mélòó kan àti máàkì wọn. Ọ̀kan ni Sanoussi Safourath. Ó yege. Máàkì rẹ̀ kò ga, kò sì tini lójú. Ọkùnrin náà wọlé padà.

Ganiath ṣì ń wo ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n máa pe tìẹ?"

"Wọ́n ti pè é."

"Ìgbà wo?"

"Lẹ́ẹ̀kan báyìí. Sanoussi Safourath."

Ganiath yíjú wò ó. Látọjọ́ tí wọ́n ti mú un dé, ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é. Ganiath mọ orúkọ náà bí ènìyàn ṣe ń mọ orúkọ ìlú tí kò dé rí.

"Safourath," ló wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fi èso tuntun kan ẹnu. "Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ó yege?"

"Ó yege."

"Ó dùn lẹ́nu o. Àmọ́ mi ò ní pè é mọ́. Kò bá ojú rẹ mu."

Safourath fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn bo ojú. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí páànù. Ganiath yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ìró, ọwọ́ tó ti dúdú, tí awọ rẹ̀ ń ṣí. Ó fi ìka méjì gbé etí ìborùn náà sókè láti ìsàlẹ̀, ó tẹ orí wo ojú rẹ̀.

"Ìyàwó wa ń sunkún," ló wí.